Ilẹ̀ Inú Mọ́tò Bàbá Àgbà

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mọ́tò Bàbá Àgbà ti ń kú lọ. Èmi tí mo ni ẹsẹ̀ ò tètè mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo jókòó síbi tí dírẹ́bà máa ń jókòó sí, mo ń díbọ́n pé mò ń wa mọ́tò lọ sí Tinúbú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí o, ẹ má rò pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, mo yí sítíárì, mo bú ọlọ́kadà kan tí ò sí níbẹ̀, mo wá tẹ búréèkì. Búréèkì ò lọ síbì kankan, ẹsẹ̀ mi ló lọ. Ó gba ilẹ̀ mọ́tò kọjá, ó balẹ̀ sórí iyanrìn kọ́ńpáǹdù. Mo wolẹ̀: orókún mi wà nínú mọ́tò, sílípáàsì mi wà níta. Mo wá di èèyàn tó ń wa mọ́tò, tó tún ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ké. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yọjú lójú fèrèsé òkè.

"Kí ló dé, ọkọ mi?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

"Ṣé o ò ba mọ́tò bàbá yín jẹ́?"

"Rárá o, Mà."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn nìyẹn. Kì í ṣe òun ló burú jù.

Ìjàpá ni mọ́tò náà, irú èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, tí búùtù wà níwájú. Bàbá Àgbà ra tuntun ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe akọ̀wé ní báǹkì kan ní Tinúbú. Búlúù ni wọ́n ní ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà témi fi máa gbọ́n, ó ti di àwọ̀ tí ò lórúkọ. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú, abẹ́ igi fúrúùtù inú kọ́ńpáǹdù wa ló wà, tí ewé ń já lé e lórí, táwọn adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀. Ilé Àgùdà àtijọ́ nilé wa, àwọn baba ńlá wa tó ti òkè òkun dé ló kọ́ ọ, wọ́n ya òdòdó mọ́ gbogbo ògiri. Òdòdó yẹn náà ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo nǹkan ló ń já bọ́ nílé wa. Èmi nìkan ni mi ò tíì já bọ́, torí mi ò tíì gòkè dé ibì kankan.

Ọdún kejì nìyẹn tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, ìdánwò náà ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òbí mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí n kúkú máa gbé lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, kí n máa bá wọn pọn omi. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí mo ní láyé nígbà yẹn, omi pípọn ni, ẹ̀ka ìmọ̀ tí wọn ò ní kéèyàn ṣe ìdánwò fún.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tá a jẹun tán, Ánkù mi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Àwọn ni àbúrò bàbá mi, àwọn ló ń bójú tó ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé.

"Màmá, omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ yọ nínú kọ́ńpáǹdù yìí. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, ẹja ló kù tá ò tíì rí. Mo ti bá àwọn tó máa kún ilẹ̀ tó máa rọ kọnkéré sọ̀rọ̀. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá Àgbà dáhùn.

"Mọ́tò yẹn ò lè wà níbẹ̀ o."

"Gbé e lọ sílé ẹ. Ṣebí o láyè."

"Màmá, mo ti mú oní-tóìn wá wò ó. Ó ní bóun bá fà á, ńṣe ló máa já sójú títì. Abẹ́ ẹ̀ ti jẹrà tán. Ẹ jẹ́ káwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù irin wá gé e, ká gbàgbé ẹ̀."

Màmá Àgbà gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọn kì í pariwo.

"Inú mọ́tò yẹn ni mo ti rọbí ìwọ tó ò ń sọ̀rọ̀ yìí. Òun ló gbé bàbá yín lọ sí ọsibítù. Òun náà ló gbé bàtà wọn padà wá fún mi. Bí wọ́n bá ń gé e, kí wọ́n kúkú gé èmi náà mọ́ ọn."

Ibẹ̀ ni ẹnu mi, tí ò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi rí, ti là.

"Ẹ má gé e. Èmi máa tún un ṣe."

Ánkù wò mí bí ẹni ń wo adìyẹ tó ní òun fẹ́ lọ kàwé.

"Ìwọ? Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣí iwájú ẹ̀ lọ́jọ́sí, tó o kígbe olè, tó o ní wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì gbé?"

Òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn lẹ́ńjìnnì ìjàpá ń gbé. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá bá mi wá olè lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ojú Màmá Àgbà ti tàn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló rán ẹ, ọkọ mi." Èèyàn ò lè bá ìyẹn jiyàn. Ánkù bá là á mọ́lẹ̀: tí mo bá di ilẹ̀ mọ́tò náà kí ìparí oṣù tó ń bọ̀ tó pé, tí oní-tóìn bá lè fà á lódindi, ó ń bá àwọn lọ sí Ìkòròdú. Tí ò bá ṣeé ṣe, wọ́n máa gé e. Bẹ́ẹ̀ la fi sí.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Fídíò òyìnbó kan ni mo rí, ó wà nínú gáràjì tó mọ́ ju kíṣínì wa lọ. Ó fá pẹ́ǹtì kúrò lára mọ́tò, irin dídán jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi náà mú ọ̀bẹ kíṣínì, mo fá tèmi. Pẹ́ǹtì jáde. Mo tún fá a, pẹ́ǹtì mìíràn jáde, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan kan bí ẹ̀kọ tó gbẹ ń já bọ́. Mo fá a títí mo fi rí fúrúùtù tó wà lódìkejì. Mi ò rí irin. Mo bá wọ bàtà, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Gángan.

Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń lu ara mọ́tò tó ń jó irin, àwọn ló ń bá Bàbá Àgbà tún ìjàpá náà ṣe láyé ọjọ́un. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n kàn máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa bú iṣẹ́ àwọn tó kù.

"Ẹ káàárọ̀, Sà."

"Káàárọ̀. Ilé wo lo ti wá?"

"Ilé Àgùdà, Sà. Torí ìjàpá Bàbá Àgbà ni."

"Háà! Ó ṣì wà láyé? Èmi rò pé wọ́n ti sin ín mọ́ bàbá."

Wọ́n tẹ̀ lé mi wá. Wọn ò mú òòlù, wọn ò mú nǹkan kan àfi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n yọ nínú sípíkà tó bà jẹ́. Wọ́n gbé e lé ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó já bọ́. Wọ́n gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó já bọ́. Wọ́n gbé e lé orí táyà, ó já bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí n mú un wá.

"Ṣé o rí i? Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, irin ló wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti já, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò lásán ni."

Ibi mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ nínú gbogbo mọ́tò. Ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ bọ́ńpà.

"Ọ̀gá, ta ló fi gbogbo pọ́tì yìí síbẹ̀?"

"Èmi ni," wọ́n ní, ojú ò tì wọ́n rárá. "Lọ́dọọdún ni bàbá yín máa ń gbé e wá. Mo ń di ihò, ihò ń ṣí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ò yé mi rí. Mọ́tò ẹlòmíì, òkè ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí òjò ń pa. Tiyín, inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Bí ẹni pé nǹkan kan jókòó sínú ẹ̀ tó ń jẹ ẹ́."

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi. Wọ́n ní bóyá omi ni. Àwọn méjèèjì tí ò mọ̀ bá gbà fún ara wọn.

Ọ̀gá ní nítorí bàbá, àwọn máa bá mi jó irin náà, ṣùgbọ́n èmi ni màá fọ inú ẹ̀, èmi ni màá gé ibi tó ti jẹrà, èmi ni màá wá irin tá a máa fi dí i. "Ara ìta ẹ̀, fi sílẹ̀. Ẹni tí ò ní ìpìlẹ̀, wọn kì í ra fìlà fún un. Ilẹ̀ ẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú."

Mo yọ àga, mo ká rọ́ọ̀gì. Lábẹ́ rọ́ọ̀gì, nǹkan funfun kan dì mọ́lẹ̀ káàkiri, ó le bí èèpo igi. Ó tutù lọ́wọ́. Èèyàn tó bá ní làákàyè á bi ara ẹ̀ pé kí lèyí. Èmi ò bi ara mi ní nǹkan kan. Mo ní ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ló gbẹ síbẹ̀, mo fi ṣọ́bìrì fá a, mo dà á sídìí fúrúùtù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, koríko tó wà níbẹ̀ kú. Mi ò tún bi ara mi ní nǹkan kan. Ẹ wá ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Irin tá a máa fi dí i, mo rí i lọ́nà ìyanu. Ilé ẹ̀kọ́ àfikún kan wà lẹ́bàá wa tẹ́lẹ̀, níbi tí mo ti kàwé fún ìdánwò àkọ́kọ́. Wọ́n ti kógbá wọlé, sáìnbọ́ọ̀dù wọn wà nílẹ̀. Mo bẹ onílé, ó ní kí n máa gbé e lọ. Mo fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wọn ilẹ̀ mọ́tò, mo yà á sára sáìnbọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi ni mo kọ́kọ́ gé. Nígbà tó yá, mo rí irin náà gé. SUCCESS tí wọ́n fi pẹ́ǹtì pupa kọ sára ẹ̀ bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà máa wà. Mo ní, ó dáa, ó kéré tán, èmi náà á lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wá ní Sátidé. Wọ́n jó o mọ́ra, iná ń ta pàràpàrà, àwọn ará ilé ń pè mí ní Ẹnjiníà láti ojú fèrèsé. Nígbà tó tutù, Ọ̀gá ní kí n dúró lórí ẹ̀. Mo dúró. Wọ́n ní kí n fò. Mo fò. Kò já. Màmá Àgbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé irin tuntun náà, lẹ́yìn náà èkejì. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kàn ń fọwọ́ nu dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ sọ pé mi ò sunkún.

"Kun ún kó tó di alẹ́ o," Ọ̀gá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń lọ. "Kun abẹ́, kun inú. Irin tí ò lẹ́wù, kì í pẹ́ ṣàìsàn."

Mo kun abẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ń ro mí. Mo ní màá kun inú lọ́la, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì padà sórí ẹ̀ kí eruku má bà á jẹ́. Ọ̀la yẹn bọ́ sí Sọ́ńdè. Ọjọ́ kejì, mo ṣì ń yangàn kiri àdúgbò. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọ̀la yẹn di ọjọ́ kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ká rọ́ọ̀gì, mo sì rí i pé irin tuntun náà ti pọ́n bí epo. Kì í ṣe ojú kan, gbogbo ẹ̀ ni. Ìpẹtà ti bo SUCCESS mọ́lẹ̀ dé àárín. Níbi tá a ti jó o mọ́ irin àtijọ́, omi ń sun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀.

Mo sá lọ sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Àṣìṣe mi ni pé mo ti bínú kí n tó dé ibẹ̀.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ò dáa!"

Gbogbo àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yíjú. Ọ̀gá rọra wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ọmọ tí ò mọ iwájú mọ́tò yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, èmi lo wá ń sọ fún pé iṣẹ́ mi ò dáa?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀ mọ́tò, wọ́n gbé e sẹ́nu. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ.

"Iyọ̀," mo ní.

"Iyọ̀ ni," Ọ̀gá dáhùn. "Iyọ̀ ni. Gbogbo ọdún yẹn, iyọ̀ ni." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ta ló ń se ọbẹ̀ nínú mọ́tò yìí?"

A ò dúró pẹ́ ká tó mọ̀. Màmá Àgbà ń bọ̀ láti Máàsì àárọ̀, wọ́n fi mántílà borí, wọ́n mú nylon kékeré kan dání. Wọ́n kí Ọ̀gá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n ká rọ́ọ̀gì díẹ̀, wọ́n bu iyọ̀ nínú nylon náà, wọ́n wọ́n ọn síwájú, wọ́n wọ́n ọn sẹ́yìn. Wọ́n ṣe àmì àgbélébùú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn.

"Iyọ̀ tí Fádà súre sí ni," wọ́n sọ fún wa. "Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti ra mọ́tò yìí ni mo ti ń ṣe é, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tó ò ń ṣe yìí, ojoojúmọ́ ni mo wá ń ṣe é báyìí. Ọkọ mi, mọ́tò yìí ò gbá ẹnikẹ́ni rí, ẹnikẹ́ni ò gbá a rí. Ṣé o rò pé ojú lásán ni?"

Wọ́n gòkè lọ. Èmi àti Ọ̀gá wo ara wa.

"Sọ fún wọn," Ọ̀gá ní.

"Ẹ bá mi sọ ọ́, Sà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà."

"Èmi? Mùsùlùmí ni mí o! Kí n wọ ilé Àgùdà, kí n ní iyọ̀ Fádà ló pa mọ́tò bàbá? Wọ́n á ní ogun ẹ̀sìn ni mo wá jà. Ìwọ ọmọ wọn, sọ fún wọn." Wọ́n kó mágínẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n lọ.

Mo gòkè lọ bá Màmá Àgbà lọ́jọ́ náà, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàtà Bàbá Àgbà, èyí tí mọ́tò gbé padà wá, wà lábẹ́ àga, wọ́n ti fi pọ́líìṣì kun ún.

"Mà, iyọ̀ yẹn..."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Iyọ̀ yẹn, Mà... ó pọ̀."

"Kò pọ̀. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́ tòsí, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo sọ̀kalẹ̀. Akíkanjú ọmọ Àgùdà.

Mo bá ní ọgbọ́n ni màá fi ṣe é. Mo fi sáńpépà fá ìpẹtà kúrò, mo kun inú ẹ̀ tán, mo wá tẹ́ nylon ńlá sábẹ́ rọ́ọ̀gì kí iyọ̀ má bàa kan irin. Lọ́jọ́ kejì, nylon wà lórí okùn tá a ń sá aṣọ sí.

"Ta ló fi nylon dí àdúrà mi lójú ọ̀nà?" Màmá Àgbà bèèrè.

Mo ní adìyẹ ni. Mi ò mọ ohun tó dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kejì: mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iyọ̀ náà kúrò. Bí wọ́n bá ti gòkè, màá gbé ìgbálẹ̀, màá gbá a mọ́ tónítóní, màá tún fi omi ṣàn án. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí, torí èmi náà ti sìn ní pẹpẹ rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo máa ń tọrọ àforíjì kí n tó gbá a, màá tún tọrọ ẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá gbá a tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí Màmá Àgbà ń kọrin nínú kọ́ńpáǹdù.

"Wá wò ó! Iyọ̀ àná, kò ku ẹyọ kan. Ọlọ́run ti gbà á! Láti bí ọdún wo ni mo ti ń ṣe é, kò gbà á báyìí rí!"

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n rán mi lọ ra odindi àpò iyọ̀, tí wọ́n ní kí n rù ú lọ bá Fádà. Èmi ni mo rù ú. Èmi náà ni mo tún rù ú padà bọ̀ nílé, lẹ́yìn tí Fádà ti súre sí i, ó wá wúwo ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lórí mi. Bí mo bá gbá a, wọ́n á wọ́n ìlọ́po méjì. Bí mi ò bá gbá a, á máa jẹ irin. Mo jókòó sórí bọ́ńpà, ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta tó ṣì jẹ́ irin, mo ń ronú. Mo ronú títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò rí nǹkan kan.

Ìparí oṣù pé. Ánkù dé láàárọ̀ pẹ̀lú oní-tóìn. Ọ̀gá náà wá láti Ìsàlẹ̀ Gángan, wọ́n wọ jàlàbíà tó mọ́, bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Oní-tóìn wọ abẹ́ mọ́tò, ó fọwọ́ kan ibi tá a jó, ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí gbìyànjú o." Inú mi dùn. Mo wo Màmá Àgbà. Wọ́n ti wọ aṣọ Máàsì, wọ́n gbé àga sábẹ́ fúrúùtù, bàtà Bàbá Àgbà wà lórí itan wọn. Wọ́n ní àwọn máa fi í sínú mọ́tò kó bá a lọ.

Oní-tóìn fi ìwọ̀ kọ́ ọ níwájú. Okùn irin le. Iwájú mọ́tò gbéra díẹ̀díẹ̀, táyà kúrò nílẹ̀, àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan pariwo pé "Ẹnjiníà!" Mo gbé ọwọ́ sókè kí n kí wọn.

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè nígbà tó dún. Kò dún kíkankíkan. Ó dún bí ìgbà téèyàn ń fa aṣọ gbígbó ya. Irin tiwa ò já, kí Ọlọ́run bá Ọ̀gá ṣe é, ṣùgbọ́n irin tá a jó o mọ́ ti kú. Iwájú mọ́tò ń lọ sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ jókòó sílẹ̀. Ó là láàárín gbọọrọ, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Iyọ̀ wá ń dà jáde. Ó ń dà láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́ àga, láti inú ihò irin tí ojú èèyàn ò lè dé. Òmíràn funfun, òmíràn pupa, òmíràn ti dì bí òkúta. Ó ń dà, kò tán. Ó wà nílẹ̀ bí òkìtì.

Ánkù wo iyọ̀ náà, wọ́n wo èmi, mo rí i lójú wọn pé ó ti yé wọn. Wọ́n la ẹnu. Ọ̀gá fọwọ́ kan wọ́n léjìká, Ánkù bá pa á dé.

Màmá Àgbà dìde. Wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyọ̀ náà sọ́wọ́, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹ wò ó," wọ́n ní. "Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Òun ló di mọ́tò yìí mú láti ọjọ́ yìí wá. Irin ti lọ tipẹ́. Iyọ̀ mi ló kù níbẹ̀." Wọ́n gbójú sókè sí mi. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ mi? Ìwọ lo mọ inú ẹ̀."

Gbogbo wọn ń wò mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," mo ní. "Òun ló dì í mú."

Èyí ni irọ́ tó burú jù. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́.

Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù dé lọ́sàn-án, wọ́n gé e. Kò pẹ́ rárá, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, pọ́tì ni, òòlù lásán ló fọ́ ọ. Màmá Àgbà ò wọlé. Wọ́n jókòó ti bàtà yẹn títí wọ́n fi kó o tán. Wọ́n rọ kọnkéré lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ibi tí mọ́tò wà tẹ́lẹ̀ ò gbẹ dáadáa, omi ń sun níbẹ̀ láràárọ̀, nǹkan funfun sì ń yọ lójú ẹ̀. Ánkù ń bú àwọn tó rọ ọ́. Èmi mọ̀, mi ò sọ. Èmi ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Màmá Àgbà kì í lọ sí Máàsì àárọ̀ mọ́, Sọ́ńdè nìkan ni. Wọn kì í sì yọjú lójú fèrèsé òkè yẹn mọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n pè mí sí yàrá. Bàtà mi wà níwájú wọn. Wọ́n ti bu iyọ̀ sínú ẹ̀, lábẹ́ awọ tó wà nísàlẹ̀.

"Èyí tó kù nìyẹn," wọ́n ní. "Wọ̀ ọ́ lọ."

Mo wọ̀ ọ́. Mo rìn láti ilé dé CMS láti wọkọ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, òógùn ti yọ́ iyọ̀ náà, ó ń ta mí níbi tí bàtà ti bó ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó gba ilẹ̀ mọ́tò kọjá lọ́jọ́sí. Mi ò bọ́ ọ. Mo dúró lórí ìlà láàárín àwọn èèyàn, mo gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, mo yẹ abẹ́ bàtà náà wò bóyá ó ṣì wà, bóyá iyọ̀ ò tíì jẹ òun náà.